Ikọ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ọkùnrin Houston Cougars ní sáà 1983–84

Ikọ̀ Houston Cougars ti sáà 1983–84 ni ikọ̀ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ọkùnrin tó ṣojú Yunifásítì Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, nínú ìdíje àwọn yunifásítì tí àjọ NCAA ń ṣàkóso. Guy V. Lewis ni olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, gbọ̀ngàn Hofheinz Pavilion tó wà nínú ọgbà yunifásítì náà sì ni ilé wọn. Wọ́n borí nínú eré 32, wọ́n pàdánù 5, wọ́n sì dé àṣekágbá ìdíje NCAA, níbi tí Yunifásítì Georgetown ti borí wọn. Inú ikọ̀ yìí ni Hakeem Olajuwon, ọmọ bíbí ìlú Èkó, ti gba bọ́ọ̀lù kẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́, kó tó di ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn nínú ètò ìyànsíkọ̀ líìgì NBA ní ọdún 1984.

Ohun tó mú ìmúrasílẹ̀ fún sáà náà yàtọ̀ sí ti àwọn ọdún tó ṣáájú ni ipò tí ikọ̀ náà bá ara rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1983, wọ́n pàdánù ife-ẹ̀yẹ kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbà tẹ́lẹ̀ pé tiwọn ni. Méjì nínú àwọn tó gbé ikọ̀ náà ró lọ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn tó ṣẹ́ kù ní láti pinnu bóyá àwọn ṣì lè padà dé ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti yẹ̀.

== Ìpilẹ̀ ikọ̀ náà ==

Guy Lewis fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún Yunifásítì Houston nígbà tí wọ́n dá ikọ̀ náà sílẹ̀ ní àárín ọdún 1940 sí 1950. Ní 1956 ó di olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá, kò sì fi ipò náà sílẹ̀ títí di 1986. Ní 1964 ó mú Elvin Hayes àti Don Chaney wọ yunifásítì náà. Àwọn ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ní àkókò tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ìhà gúúsù Amẹ́ríkà ṣì ti ilẹ̀kùn mọ́ irú wọn. Ní ogúnjọ́ oṣù kìn-ín-ní ọdún 1968, ikọ̀ tí Hayes jẹ́ àgbà ọ̀jẹ̀ inú rẹ̀ borí UCLA pẹ̀lú àmì-ayò 71 sí 69 nínú pápá Astrodome, níwájú èrò 52,693. UCLA ti borí nínú eré 47 léraléra kí ọjọ́ náà tó dé. Ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé eré ìdárayá gbà pé ọjọ́ yẹn ni bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ti àwọn yunifásítì kọ́kọ́ di ohun tí gbogbo orílẹ̀-èdè náà ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n.

Lewis kò fi í pamọ́ pé òun fẹ́ràn kí agbábọ́ọ̀lù fò sókè kó sì fi ọwọ́ ki bọ́ọ̀lù bọ inú apẹ̀rẹ̀. Láti sáà 1967–68 títí di 1976, àjọ NCAA ka irú kíkì bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá kan sì ń wò ó bí àṣehàn lásán. Lewis kò gbà bẹ́ẹ̀: lójú tirẹ̀, bọ́ọ̀lù tí a bá fi ọwọ́ kì wọ inú apẹ̀rẹ̀ ṣòro láti tàsé ju èyí tí a jù láti òkèèrè lọ, nítorí náà ọgbọ́n ni, kì í ṣe fáàrí. Wọ́n tún mọ̀ ọ́n mọ́ tówẹ̀ẹ̀lì pupa òun funfun alámì tótòtó tí kì í fi sílẹ̀ lọ́wọ́ nígbà eré.

Ní oṣù kìn-ín-ní 1983, Thomas Bonk, òǹkọ̀wé ìwé ìròyìn Houston Post, fún ikọ̀ Lewis ní orúkọ ìnagijẹ Phi Slama Jama. Àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Amẹ́ríkà a máa fi lẹ́tà èdè Gíríìkì jẹ́ orúkọ, Phi sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn lẹ́tà náà. Slam àti jam, tí ó fi parí orúkọ náà, jẹ́ ọ̀rọ̀ méjì tí àwọn ọ̀dọ́ ń pe kíki bọ́ọ̀lù bọ apẹ̀rẹ̀. Orúkọ náà mọ́ wọn lára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ ọ́ sára ẹ̀wù tí wọ́n fi ń na ara kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ tó gba orúkọ yìí kò ti ọ̀nà jíjìn wá, yàtọ̀ sí ọ̀kan pàtàkì. Clyde Drexler jáde láti ilé-ẹ̀kọ́ girama Sterling, Michael Young láti Yates, Larry Micheaux láti Worthing. Inú ìlú Houston ni gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ wọ̀nyí wà. Benny Anders wá láti ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Louisiana tó múlé gbe Texas.

== Àṣekágbá ọdún 1983 ==

Kò sí bí a ṣe lè lóye ìmúrasílẹ̀ fún sáà 1983–84 láìkọ́kọ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Albuquerque, ní ìpínlẹ̀ New Mexico. Houston ti borí nínú eré 25 léraléra nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀. Eré méjì péré ni wọ́n tí ì pàdánù ní sáà náà, ọ̀kan lọ́wọ́ Syracuse, èkejì lọ́wọ́ Virginia ní ìlú Tokyo ní Jàpáánù. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin, wọ́n borí Louisville pẹ̀lú àmì-ayò 94 sí 81, nínú eré kan tí fífò àti kíki bọ́ọ̀lù pọ̀ nínú rẹ̀ débi pé àwọn tó wò ó ń sọ pé àṣekágbá ti parí, pé èyí tó kù kò ju àṣesílẹ̀ lọ. Olajuwon nìkan gba bọ́ọ̀lù tó ta padà 22 lọ́jọ́ náà, ó sì jẹ àmì-ayò 21.

Ikọ̀ tó kù sílẹ̀ fún wọn ni ti North Carolina State, tí Jim Valvano ń kọ́. Eré 10 ni ikọ̀ yìí ti pàdánù ní sáà kan ṣoṣo náà. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin, NC State fi 33 sí 25 ṣíwájú nígbà ìsinmi àárín eré. Drexler ti ṣẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kí ìsinmi náà tó dé, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹ̀ṣẹ̀ kan péré ló kù kí wọ́n lé e kúrò. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, Houston jẹ àmì-ayò 17 nígbà tí NC State jẹ 2 péré, wọ́n sì ṣíwájú ní 42 sí 35.

Níbí ni ìpinnu tí àwọn ènìyàn ṣì ń jiyàn lé lórí ti wáyé. Lewis ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ dẹ̀rọ̀, kí wọ́n máa fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ láàárín ara wọn kí àkókò lè máa lọ. Òfin fún un láyè, nítorí pé kò tí ì sí aago tó ń fi ipá mú ikọ̀ láti ju bọ́ọ̀lù láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan pàtó nínú ìdíje NCAA. Sáà 1985–86 ni wọ́n tó gbé irú aago bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún gbogbo yunifásítì. Àwọn tó dá Lewis lẹ́bi sọ pé ó gba ohun tó mú ikọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ kúrò lọ́wọ́ wọn. Ó yẹ kí a rántí, ṣùgbọ́n, pé ìlú Albuquerque ga ju ìpele òkun lọ ní ohun tó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 5,000, pé atẹ́gùn ibẹ̀ fúyẹ́, àti pé ó ti rẹ Olajuwon. Ìpinnu náà kò ṣàìní ìdí.

Valvano dáhùn pẹ̀lú ọgbọ́n kan tó rọrùn. Ó ní kí àwọn ọmọ rẹ̀ máa mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣẹ̀ sí Houston kí àwọn yẹn lè lọ ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́, nítorí gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé ibi tí Houston kù sí nìyẹn. Nínú ìjùsílẹ̀ ọ̀fẹ́ 19 tí wọ́n ní lálẹ́ ọjọ́ náà, 10 ló wọlé. Nígbà tí àmì-ayò ti dọ́gba ní 52 sí 52, Alvin Franklin, ọmọ ọdún kìíní ní yunifásítì, lọ síbi ìjùsílẹ̀, ó sì tàsé. NC State di bọ́ọ̀lù mú títí ó fi ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Dereck Whittenburg jù ú láti òkèèrè, bọ́ọ̀lù náà kò dé ibi tó ń lọ, Lorenzo Charles hán an lójú òfuurufú ó sì kì í bọ inú apẹ̀rẹ̀. Àmì-ayò di 54 sí 52. Kò sí àkókò mọ́.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà pàdánù ni ó dùn wọ́n jù. Ikọ̀ tí wọ́n fi kíki bọ́ọ̀lù sọ lórúkọ ni wọ́n fi kíki bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo borí. Wọ́n yan Olajuwon gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù nínú ìdíje náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ̀ tó pàdánù ló wà. Àmì-ayò 20 ni ó jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì gba bọ́ọ̀lù 18.

== Àwọn tó lọ àti àwọn tó dúró ==

Micheaux ti lo ọdún mẹ́rin tí òfin fún un pé, kò lè padà. Drexler ṣì ní ọdún kan, ṣùgbọ́n ó yàn láti lọ sínú líìgì NBA, Portland Trail Blazers sì mú un ní ipò kẹrìnlá nínú ìyànsíkọ̀ oṣù kẹfà. Ọdún kan ṣáájú ni Rob Williams ti ṣe bákan náà. Ó túmọ̀ sí pé láàárín ẹ̀ẹ̀rùn méjì, Houston ti pàdánù ẹni tó mọ̀ ọ́n jù jù, ẹni tó mọ̀ ọ́n fò jù, àti ẹni tó lágbára jù lábẹ́ apẹ̀rẹ̀.

Àlàfo tí Drexler fi sílẹ̀ kì í ṣe ti àmì-ayò nìkan. Òun ni ó máa ń gba bọ́ọ̀lù mọ́ àwọn alátakò lọ́wọ́, tí yóò sì sáré gbé e dé apá kejì kí wọ́n tó yíjú padà. Gbogbo eré sísá tí Phi Slama Jama gbajúmọ̀ fún, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Láìsí i, ikọ̀ náà ní láti wá ọ̀nà mìíràn tí bọ́ọ̀lù yóò fi máa dé iwájú.

Michael Young dúró. Ọdún tó kẹ́yìn rẹ̀ nìyí, iṣẹ́ jíjẹ àmì-ayò sì bọ́ sí èjìká rẹ̀. Reid Gettys, tí kì í yára púpọ̀ ṣùgbọ́n tó mọ ibi tí bọ́ọ̀lù yẹ kó lọ kí ẹlòmíràn tó rí i, di olùdarí eré. Franklin padà pẹ̀lú ìrántí ìjùsílẹ̀ kan ṣoṣo tó tàsé. Láti ilé-ẹ̀kọ́ Yates ni Rickie Winslow ti dé, láti Worthing ni Greg Anderson ti dé. Ọmọ ọdún kìíní ni àwọn méjèèjì, ilé-ẹ̀kọ́ tí Young àti Micheaux sì ti jáde gan-an ni wọ́n ti wá, bí ẹni pé àdúgbò kan náà ń fi àbúrò rọ́pò ẹ̀gbọ́n. Winslow ni ó wá gba ipò láàárín àwọn márùn-ún tí ń bẹ̀rẹ̀ eré.

Olajuwon náà dúró. Láìsí ìpinnu yìí, kò sí ohun tí à bá máa kọ nípa sáà 1983–84.

== Olajuwon títí di ọdún 1983 ==

Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kìn-ín-ní ọdún 1963 ni wọ́n bí i ní ìlú Èkó. Salim àti Abike Olajuwon ni òbí rẹ̀, òwò sìmẹ́ńtì ni wọ́n ń ṣe. Orúkọ ìdílé náà, Ọlájùwọ́n, jẹ́ odidi gbólóhùn tí a sọ di orúkọ: ọlá ni olùwà, jù ni ọ̀rọ̀-ìṣe, wọ́n ni àbọ̀. Àwọn ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ìgbà náà ń kọ orúkọ tí a fún un gẹ́gẹ́ bí Akeem. Ọdún 1991 ni ó fi lẹ́tà H síwájú rẹ̀. Ẹni tó bá ń ka àkọsílẹ̀ sáà yìí yóò rí Akeem níbi gbogbo.

Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù àfọwọ́gbá ni ó ń gbá tẹ́lẹ̀, aṣọ́lé sì ni nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀. Ó ti tó ọmọ ọdún 15 kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, nígbà tó wà ní Muslim Teachers College ní Èkó. Àwọn tó mọ eré yìí dáadáa máa ń sọ pé ẹsẹ̀ tó ń gbé bí oníjó àti ojú tó fi ń mọ àkókò tí yóò fò láti dènà bọ́ọ̀lù, ibi ìṣọ́lé ni ó ti kọ́ wọn.

Ọdún 1980 ni ó dé Houston. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ nípa ìdé rẹ̀ ni pé kò sí ẹnikẹ́ni láti yunifásítì tó wá pàdé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, nítorí wọn kò retí ohun ńlá kan lára rẹ̀, pé takisí ni ó wọ̀ dé ọgbà. Àjọ NCAA kò fún un láyè láti gbá bọ́ọ̀lù ní sáà 1980–81. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, orí àga ìdúródè ni ó ti sábà ń wọlé, ìpíndọ́gba àmì-ayò rẹ̀ sì jẹ́ 8.3 ní eré kan.

Nígbà tó béèrè ohun tí òun lè ṣe kí wọ́n lè máa lo òun púpọ̀ sí i, àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá ní kó lọ bá Moses Malone ṣe ìgbáradì. Malone, tí ìlú Houston jẹ́ ilé rẹ̀, wà lára àwọn tó dára jù ní NBA nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n yàn án gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù tó níye lórí jù nínú líìgì náà. Ilé eré ìdárayá Fonde, tí ìjọba ìlú Houston kọ́ fún ará ìlú, ni wọ́n ti ń pàdé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ibẹ̀ ni Olajuwon ti kọ́ pé ẹni tó bá fẹ́ gba bọ́ọ̀lù tó ta padà gbọ́dọ̀ fi ara gba ipò rẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó bọ́ sílẹ̀, àti pé ẹni tí wọ́n bá fi ìgbọ̀nwọ́ tì gbọ́dọ̀ tì padà. Ní sáà 1982–83, ìpíndọ́gba rẹ̀ di àmì-ayò 13.9 àti bọ́ọ̀lù 11.4 ní eré kan.

Òun nìkan kọ́ ni ọmọ Nàìjíríà tó ń gbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ní agbègbè náà. Yommy Sangodeyi, tó ti mọ̀ láti ilé, wà ní Yunifásítì Sam Houston State ní ìlú Huntsville, ní àríwá Houston.

== Ẹ̀ẹ̀rùn àti ìgbáradì ==

Ìlànà àjọ NCAA ìgbà náà kò gbà kí akọ́nimọ̀ọ́gbá darí ìgbáradì ikọ̀ rẹ̀ kó tó di ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá. Láti oṣù kẹrin tí sáà kan bá ti parí títí di ọjọ́ náà, nǹkan bí oṣù mẹ́fà, ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù fúnra wọn ni ọ̀rọ̀ wọn wà. Fún Houston, ìlànà yìí kò ṣe wọ́n ní ìnira tó bó ṣe ń ṣe ẹlòmíràn, nítorí Fonde wà ní tòsí. Níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama àti ẹni tí NBA ń san owó gidi fún a máa bá ara wọn gbá lórí ilẹ̀ kan náà. Kò sí rẹfirí. Ẹni tó bá pàdánù yóò kúrò lórí pápá, yóò sì dúró de àkókò tí yóò tún kàn án, èyí tó lè pẹ́.

Ohun tí Fonde kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ni ìjùsílẹ̀ ọ̀fẹ́. Níbi tí kò sí rẹfirí, kò sí ẹni tí yóò dúró níwájú apẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí gbogbo ènìyàn ń wò ó. Bẹ́ẹ̀ sì ni àṣìṣe Albuquerque gan-an nìyẹn. Lábẹ́ òfin ìgbà náà, tí ikọ̀ kan bá ti ṣẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀meje ní ìlàjì eré, ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ yóò ju bọ́ọ̀lù kan lọ́fẹ̀ẹ́. Àfi bí èyí bá wọlé ni yóò tó ní àǹfààní láti ju èkejì. Ẹni tó bá tàsé àkọ́kọ́, bíi Franklin, ti pàdánù méjèèjì. Èrè ńlá ló wà nínú rẹ̀ fún ikọ̀ tó bá ń ṣẹ̀ sí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n jù, Valvano sì jẹ èrè náà.

Ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ fún NCAA yí ìlànà yìí padà fún sáà 1983–84: ní ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn eré, ìjùsílẹ̀ méjì ni ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ yóò ní, ìbáà jẹ́ pé ó tàsé àkọ́kọ́. Àtúnṣe náà kò pẹ́ láyé. Nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn tí sáà bẹ̀rẹ̀, wọ́n wọ́gi lé e, ohun gbogbo sì padà sí bó ṣe wà.

Nígbà tí ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá dé, iṣẹ́ Lewis ni láti fi àwọn ohun èlò mìíràn kọ́ ilé tó jọ ti tẹ́lẹ̀. Kò ní Drexler mọ́ tí yóò fi eré sísá fọ́ àwọn alátakò. Ohun tó ní ni ọkùnrin kan tí gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 7, tí ẹnikẹ́ni kò lè dí lójú ọ̀nà bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ọwọ́ rẹ̀ nítòsí apẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, a lè sọ pé ikọ̀ náà yí padà láti orí ikọ̀ tó ń sáré sí ikọ̀ tó ń fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́: Gettys yóò mú un wá, Young yóò dúró ní ẹ̀gbẹ́ láti jù ú bí àwọn alátakò bá kó ara wọn jọ sí àárín, Olajuwon yóò sì dúró sí àárín gbùngbùn. Àwọn oníròyìn ṣì ń pè wọ́n ní Phi Slama Jama. Orúkọ náà kò bá ìwà wọn mu tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

== Springfield ==

Eré tó ṣí sáà náà wáyé ní oṣù kọkànlá ọdún 1983 ní Springfield, ìpínlẹ̀ Massachusetts, ìlú tí James Naismith ti dá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ní 1891 pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ méjì tí wọ́n fi ń kó èso. Ní ọdọọdún, àwọn ikọ̀ méjì olókìkí ni wọ́n máa ń pè wá síbẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ sáà. Àwọn méjì tí wọ́n pè lọ́dún náà ni Houston àti North Carolina State.

Gbogbo ohun tó yẹ kó fún Houston ní ìrètí ló wà níbẹ̀. Tí Houston bá pàdánù ènìyàn méjì, NC State pàdánù jù bẹ́ẹ̀ lọ: Whittenburg, Sidney Lowe àti Thurl Bailey ti parí ẹ̀kọ́ wọn. Àmọ́ Charles, ẹni tó ki bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn ní Albuquerque, ṣì wà. NC State borí pẹ̀lú àmì-ayò 76 sí 64. Èyí kì í ṣe ti ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn. Àmì-ayò 12 kì í ṣe oríire lásán. Bí àkókò ti ń lọ, ó wá hàn pé ikọ̀ NC State yìí kì í ṣe ikọ̀ ńlá rárá, nítorí wọn kò rí àyè nínú ìdíje NCAA ní ìparí sáà náà. Ìyẹn fi hàn bí Houston ṣe jìnnà tó sí ohun tí wọ́n fẹ́ jẹ́ nígbà tí ìgbáradì ọ̀sẹ̀ márùn-ún parí.

== Bí sáà náà ṣe lọ ==

Ikọ̀ náà rí ara rẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀. Kentucky borí wọn ní 74 sí 67 ní oṣù kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n nínú líìgì Southwest Conference tí wọ́n wà, eré 15 ni wọ́n borí, ọ̀kan péré ni wọ́n pàdánù. Wọ́n tún gba ife-ẹ̀yẹ ìdíje ìparí líìgì náà nígbà tí wọ́n fi àmì-ayò kan ṣoṣo, 57 sí 56, borí Arkansas. Young ni ó jẹ àmì-ayò jù nínú ikọ̀ náà. Olajuwon ṣe ohun tí kò wọ́pọ̀: òun ni ẹni àkọ́kọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà nínú gbígba bọ́ọ̀lù tó ta padà, pẹ̀lú ìpíndọ́gba 13.5, nínú dídènà bọ́ọ̀lù, pẹ̀lú 5.6, àti nínú ìwọ̀n bọ́ọ̀lù tó wọlé nínú èyí tó jù, ìyẹn 67.5 nínú ọgọ́rùn-ún.

Nínú ìdíje NCAA, wọ́n borí Louisiana Tech tí Karl Malone wà nínú rẹ̀, lẹ́yìn náà Memphis State, lẹ́yìn náà Wake Forest. Fún ọdún kẹta léraléra, Houston wà láàárín àwọn mẹ́rin tó kẹ́yìn. Ní Seattle, wọ́n borí Virginia ní 49 sí 47 lẹ́yìn àfikún àkókò, eré tó lọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó rí wọn ní ọdún kan ṣáájú lè má mọ̀ pé ikọ̀ kan náà ni.

Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1984 ni àṣekágbá, nínú gbọ̀ngàn Kingdome. Àwọn oníròyìn sọ ọ́ di ìjà àwọn òmìrán méjì, Olajuwon àti Patrick Ewing ti Georgetown, ọmọ tí wọ́n bí ní Jàmáíkà. Àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ borí ara wọn. Olajuwon jẹ àmì-ayò 15, Ewing jẹ 10, bọ́ọ̀lù tó ta padà tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbà sì dọ́gba ní 9. Ibi tí Georgetown ti borí ni àga ìdúródè: bí ẹnì kan bá ti rẹ̀, òmíràn tí kò yàtọ̀ sí i yóò wọlé, Houston kò sì ní irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Franklin ni ó jẹ àmì-ayò jù fún Houston, 21, ọdún kan lẹ́yìn ìjùsílẹ̀ tó tàsé ní Albuquerque. Àmì-ayò parí sí 84 sí 75. John Thompson, akọ́nimọ̀ọ́gbá Georgetown, di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ife-ẹ̀yẹ náà gẹ́gẹ́ bí olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá.

== Lẹ́yìn sáà náà ==

Olajuwon fi yunifásítì sílẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú àkókò. Ìgbà náà, owó ẹyọ ni wọ́n ń jù láti mọ ikọ̀ tí yóò kọ́kọ́ yan ènìyàn láàárín àwọn tó kẹ́yìn ní ẹkùn méjèèjì líìgì NBA, Houston Rockets sì jẹ ẹ́ mọ́ Portland lọ́wọ́. Nípa bẹ́ẹ̀ kò kúrò nínú ìlú náà. Chicago Bulls mú Michael Jordan ní ipò kẹta nínú ìyànsíkọ̀ kan náà. Rockets gba ife-ẹ̀yẹ NBA ní 1994, wọ́n sì tún gbà á ní 1995, nígbà tí Drexler ti padà wá sí Houston láti bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbá.

Benny Anders, tí àwọn òǹwòran fẹ́ràn gidigidi, pòórá lẹ́yìn tó fi yunifásítì sílẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún àwọn tó bá a gbá kò mọ ibi tó wà. Fíìmù nípa ikọ̀ náà tí ESPN gbé jáde ní 2016 fi wíwá tí wọ́n wá a ṣe apá kan ìtàn rẹ̀. Guy Lewis, tó mú ikọ̀ Houston dé ipele àwọn mẹ́rin tó kẹ́yìn ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún láìgba ife-ẹ̀yẹ kankan, wọ Gbọ̀ngàn Òkìkí Naismith ní Springfield ní 2013. Ó kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2015.

Ọdún 2021 ni Houston tó tún dé ipele àwọn mẹ́rin tó kẹ́yìn, lábẹ́ Kelvin Sampson. Ní oṣù kẹrin 2025, wọ́n gbá àṣekágbá fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà Seattle, Florida sì borí wọn ní 65 sí 63. Àtúnṣe ti bá Hofheinz Pavilion, orúkọ rẹ̀ sì ti di Fertitta Center láti 2018. Nọ́ńbà 34 tí Olajuwon wọ̀ àti 22 tí Drexler wọ̀ wà lára àwọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ̀ mọ́ níbẹ̀.